Iye Tó Yẹ Ká Ta Ẹyin Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìṣirò àti Òdodo

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún àwa ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn ọpẹ́. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jàmáà mọ́sáláṣí, àti ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lójú ewé yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ lórí àlùwàlá tàbí ìrun kíkí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà wọ inú ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ lórí ẹyin adìyẹ ni: iye tó yẹ ká tà á, àti bí ó ṣe yẹ ká tà á.

Bí ènìyàn bá rin àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Akànràn ní Ọ̀nà-Àrà, yóò rí ilé adìyẹ kékeré lẹ́yìn ilé púpọ̀. Adìyẹ ogún, ọgbọ̀n, tàbí àádọ́ta ni ó ń wà níbẹ̀. Nínú owó ẹyin yìí ni àwọn kan ti ń san owó ilé-ìwé, tí wọ́n ti ń ra aṣọ ọdún, tí wọ́n sì ti ń ra oògùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ óò rí i pé òmíràn nínú àwọn ilé adìyẹ náà ti ṣófo, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Bí a bá bèèrè, ẹni tó ni ín á ní adìyẹ kò gba òun, tàbí kí ó ní ayé ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, adìyẹ yé, ẹyin sì tà. Owó tí wọ́n tà á ni kò tó owó tí wọ́n ná sí i. Wọn kò sì mọ̀, nítorí pé wọn kò ṣírò.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí kò bá ṣírò kí ó tó dá iye lé ẹyin, ara rẹ̀ ni yóò rẹ́ jẹ, ẹni tí kò bá sì yẹ ẹyin wò kí ó tó tà á, ẹlòmíràn ni yóò rẹ́ jẹ. Ìrẹ́jẹ kan kò sì sàn ju èkejì lọ.

ÌPÍN KÌN-ÍN-NÍ: TA LÓ Ń DÁ IYE LÉ ỌJÀ?

Nígbà ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ọjà gbówó lérí ní Mẹ̀dínà. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn dá iye kan pàtó lé ọjà. Nínú hádíìsì tí Anas gbà wá, Ànábì kò gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi yé wọn pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀ wà, àti pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa bá òun ṣẹjọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nítorí owó rẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó gbé owó lé ẹyin nígbà tí oúnjẹ adìyẹ bá gbówó lérí. Ẹni tó bá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olójúkòkòrò, kí ó kọ́kọ́ bèèrè iye tí àpò oúnjẹ kan jẹ́. Ẹ̀yin náà rántí pé láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, owó ọkọ̀ tó ń gbé àgbàdo wá àti èyí tó ń gbé ẹyin lọ ti yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìtàn kejì wà nínú ìwé Muwatta ti Imáámù Málíkì. Sayyidínà Umar ọmọ Al-Khattab kọjá lára Hatib ọmọ Abu Balta'a nínú ọjà. Èso àjàrà gbígbẹ ni Hatib ń tà, ó sì ń tà á ní ọ̀pọ̀ ju bí àwọn yòókù ṣe ń tà á lọ. Umar ní kí ó fi owó kún un, tàbí kí ó gbé e kúrò lọ́jà wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún gbà á wá pé Umar padà lọ bá Hatib nílé lẹ́yìn náà. Ó ní ohun tí òun sọ kì í ṣe àṣẹ, ire àwọn ará ìlú ni òun ń rò, kí ó máa tà á bó ṣe wù ú.

Ẹ wo ìtàn méjèèjì yìí pọ̀. Kò sí ẹni tí a lè fipá dá iye lé ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí kò ní ìdí lè pa ọjà lára. Ẹni tó ń ta ẹyin ní ọ̀pọ̀ nítorí pé kò mọ iye tó ná an, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń pa lára. Opó tó wà ní ojúlé kejì, tó ń fi adìyẹ ogún tọ́ ọmọ, á ní láti bá a dín owó kù kí oníbàárà má baà sá fún un. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi ọwọ́ òfìfo kúrò nídìí iṣẹ́, alájàpá á gbé ẹyin wá láti ibòmíràn, iye tó bá sì wù ú ni yóò pè é.

ÌPÍN KEJÌ: BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ IYE TÍ ẸYIN NÁ WA

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ má ṣe há iye owó tí n ó lò níhìn-ín sórí, nítorí pé àpẹẹrẹ lásán ni, owó ọjà kì í sì dúró sójú kan. Ìlànà rẹ̀ ni kí ẹ há. Bí ẹ bá délé, kí ẹ fi iye tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà rọ́pò tèmi.

Adìyẹ tó ń yé ẹyin títà, èyí tí à ń pè ní adìyẹ ágíríìkì, a máa bẹ̀rẹ̀ sí yé nígbà tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Nígbà tó bá ń yé, ó ń jẹ nǹkan bí 110 sí 120 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́. Ká sọ pé adìyẹ 50 ni a ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 120 gíráàmù. Ìnáwó oṣù kan (ọjọ́ 30) nìyí:

(1) Oúnjẹ. Adìyẹ 50 á jẹ kílò 6 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 30, ó di kílò 180. Bí àpò oúnjẹ tó jẹ́ kílò 25 bá jẹ́ N20,000, kílò kan jẹ́ N800. Kílò 180 á jẹ́ N144,000.

(2) Oògùn, àjẹsára, ìyẹ̀ pákó tí à ń tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, omi, iná àti owó ọkọ̀. Ká fi N16,000 sí i.

(3) Adìyẹ fúnra rẹ̀. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Ká sọ pé ó ná wa N6,000 láti tọ́ adìyẹ kan títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí yé, tí a ó sì tà á ní N3,600 nígbà tó bá darúgbó. N2,400 ti lọ lára rẹ̀. Lórí adìyẹ 50, ó di N120,000. Bí a bá fẹ́ lò wọ́n fún oṣù mẹ́wàá, N12,000 ni ti oṣù kọ̀ọ̀kan.

(4) Iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹni tó ń jí fún wọn lómi, tó ń gbá ilé wọn, tó ń ṣa ẹyin, ó ní ẹ̀tọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ wa tàbí àwa fúnra wa. Ká fi N10,000 sí i.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N182,000.

Ó wá ku ẹyin. Bí 40 nínú adìyẹ 50 bá ń yé lójúmọ́, ẹyin 1,200 ni a ó rí lóṣù. Ẹyin 30 ló ń wọ kíréètì kan, nítorí náà kíréètì 40 ni. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í ṣe òkúta. Òmíràn á fọ́, òmíràn á sán, adìyẹ tìkára rẹ̀ á ṣá òmíràn jẹ. Ká yọ kíréètì kan fún ìyẹn, ó ku 39 tí a ó tà. Bí a bá pín N182,000 sí ọ̀nà 39, ó jẹ́ nǹkan bí N4,667. Iye tí kíréètì kan ná wa nìyẹn. A kò tíì jèrè kọ́bọ̀ kan.

Níbí ni àṣìṣe ńlá ti ń wáyé. Ẹlòmíràn á ṣírò oúnjẹ nìkan. Á pín N144,000 sí ọ̀nà 40, á rí N3,600. Nígbà tí alájàpá bá wá fi N4,200 lọ̀ ọ́, inú rẹ̀ á dùn, á rò pé òun jèrè N600. Irọ́ ni. N467 ló pàdánù lórí kíréètì kọ̀ọ̀kan. Kò rí àdánù náà lójú nítorí pé owó ń wọlé lójoojúmọ́, ó sì ń rí oúnjẹ rà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá darúgbó ni yóò tó mọ̀. Yóò tà wọ́n tán, yóò sì rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò lè ra ìdajì irú wọn mọ́. Ìdí nìyí tí ilé adìyẹ fi ń ṣófo lẹ́yìn ọdún méjì. Ojú owó ni wọ́n ti jẹ tán, wọ́n rò pé èrè ni àwọn ń jẹ.

ÌPÍN KẸTA: ẸYIN MÉÈLÓÒ NI ÀÀLÀ?

Ká wá sọ pé iye tí àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀ yanturu ń san lọ́jà jẹ́ N5,200. Kíréètì 39 á mú N202,800 wá. Bí a bá yọ N182,000, èrè wa jẹ́ N20,800 lóṣù, a sì ti san owó iṣẹ́ ọwọ́ wa kúrò níbẹ̀. Ó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Ṣùgbọ́n bí adìyẹ bá dín yíyé kù ńkọ́? Ká ní 30 péré ló ń yé nínú 50. Ẹyin 900 ni, kíréètì 30. Bí ọ̀kan bá tún bá fífọ́ lọ, ó ku 29. Ìnáwó kò yí padà, nítorí pé adìyẹ tí kò yé ń jẹun bí èyí tó yé. N182,000 tí a pín sí ọ̀nà 29 jẹ́ nǹkan bí N6,276. Ọjà kò sì ní tìtorí ìyẹn san ju N5,200 lọ fún wa. Àdánù N31,200 ni a ó rí lóṣù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ààlà rẹ̀. Bí a bá fi N5,200 pín N182,000, á fún wa ní 35 géérégé. Kíréètì 35 lóṣù túmọ̀ sí ẹyin 35 lójúmọ́. Ẹni tó ní adìyẹ 50 lórí ìṣirò yìí, bí ẹyin tó ń tà lójúmọ́ kò bá tó 35, ó ti ń tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Kí olúkúlùkù wá ààlà tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ sára ògiri ilé adìyẹ.

Bí adìyẹ bá já wá sísàlẹ̀ ààlà, kí a má sáré gbé owó lé ẹyin. Kí a wá ìdí rẹ̀. Ṣé omi kò tó ni? Adìyẹ tí òùngbẹ gbẹ kò lè yé, pàápàá nínú oòrùn oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. Ṣé ooru ilé wọn pọ̀ ni? Ṣé aràn ni, tàbí àìsàn? Ṣé wọ́n ń pa ìyẹ́ dà ni? Ṣé oúnjẹ tí a rà ni wọ́n ti lù? Tàbí wọ́n ti darúgbó? Bí ó bá jẹ́ ti ogbó, kí a tà wọ́n fún ẹran jíjẹ kíákíá, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi dá wọn dúró, nínú owó àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń jẹ.

Ti adìyẹ ìbílẹ̀ yàtọ̀. Òun ń jẹ̀ kiri, oúnjẹ tí a ń rà fún un kò tó nǹkan, ẹyin rẹ̀ sì kéré níye. Ó lè yé bíi mẹ́jọ sí méjìlá kí ó tó sàba. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kí ó ronú dáadáa kí ó tó ta ẹyin rẹ̀, nítorí ẹyin ní í di àkùkọ. Èrè rẹ̀ wà lára ọmọ tó máa pa ju ara ẹyin lọ.

ÌPÍN KẸRIN: TA NI A Ó TÀ Á FÚN?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó ní adìyẹ díẹ̀.

Èkíní ni alájàpá tó ń wá gbé e lóko. Ó máa ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n iye tirẹ̀ ló máa ń kéré jù. Kí a má pè é ní olè. Owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹyin tí yóò fọ́ lọ́nà wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ó lo àìmọ̀ wa láti fi rẹ́ wa jẹ. Ànábì kọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má jáde lọ pàdé àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti oko, kí wọ́n sì rà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ ìlú mọ iye tí ọjà jẹ́. Oògùn rẹ̀ fún àwa ará abúlé kò le lóde òní. Kí a pe ẹni méjì lórí fóònù ní Bódìjà tàbí ní ọjà mìíràn nínú Ìbàdàn, kí a bèèrè iye tí kíréètì jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí alájàpá tó dé.

Èkejì ni àwọn oníbàárà tó ń gbé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìyá olóúnjẹ, ẹni tó ń dín ẹyin sí búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà, oníṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé. Wọ́n máa ń san ju alájàpá lọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ẹyin dé lọ́jọ́ tí a dá. Ẹni tó bá ń pa àdéhùn mọ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ nítorí àádọ́ta náírà.

Ẹ̀kẹta ni títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn aládùúgbò. Bí kíréètì bá jẹ́ N5,200, ẹyọ kan jẹ́ N173 ó lé díẹ̀. Bí a bá tà á ní N200 lẹ́yọ, kíréètì kan á mú N6,000 wá, N800 lórí ti ọ̀pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n kì í yá, èyí tó bá sì pẹ́ nílẹ̀ á bàjẹ́. Nítorí náà, kí a má gbé gbogbo ẹyin lé ọ̀nà kan. Kí a pín in.

Ẹ rántí oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà, tí owó sì wọ́n lóde. Ẹyin kún ilé àwọn tó ní adìyẹ, kò sí owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Adìyẹ kò mọ̀ pé owó wọ́n, ó ń jẹun, ó sì ń yé. Ẹyin kì í ṣe àgbàdo tí a lè kó sínú àká dìgbà tó bá gbówó lérí. Ẹni tó ní oníbàárà púpọ̀ káàkiri àdúgbò, tó sì lè gba owó sínú báńkì, ó rí ọ̀nà àbáyọ ju ẹni tó gbójú lé alájàpá kan ṣoṣo lọ. Kódà láìsí irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ọjà ẹyin ní àsìkò tirẹ̀. Ní ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn tó ń dín ẹyin tà lọ́sàn-án ládùúgbò wa kò ní rà tó bí wọ́n ṣe ń rà tẹ́lẹ̀. Kí a ti bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ kí oṣù náà tó lé.

Ní ti àwìn: Ọlọ́hun pa wá láṣẹ nínú Súrà Al-Baqara, ẹsẹ 282, pé kí a máa kọ gbèsè tó ní ọjọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ yìí ló gùn jù nínú Àlùkùránì. Ẹni tó bá ti ń ta àwìn fún ìyá olóúnjẹ láìkọ ọ́, ìjà ló ń sìn. Bí a bá pe owó ọwọ́ ní N5,200, tí a sì pe àwìn ọ̀sẹ̀ méjì ní N5,500, kí oníbàárà mú ọ̀kan kí a tó pínyà. Bí a bá pínyà láìmú ọ̀kan, ó ti di títà méjì nínú títà kan, a sì ti kọ èyí fún wa. Bí ọjọ́ bá sì pé tí kò rí i san, a kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan kún un. Èlé nìyẹn. Kí a fún un láyè, kí a má sì ta àwìn mìíràn fún un títí yóò fi san ti àkọ́kọ́.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: ẸYIN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ FI PAMỌ́ SÁÀÁRÍN ÈYÍ TÓ DÁRA

Àwọn tó ti ka ìwé fíkíìhì dé ọ̀dọ̀ Mukhtasar ti Khalil ọmọ Ishaq, onímọ̀ ọ̀nà Málíkì ará Íjíbítì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, á rántí pé ẹyin ní ààyè tirẹ̀ nínú ìwé náà. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí àléébù ọjà, ó dárúkọ àwọn ohun tí a kì í mọ àléébù wọn àfi bí a bá là wọ́n: igi tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, àti kùkúńbà tó korò. Ẹni tó bá ra irú ìwọ̀nyí, tó là á, tó sì rí àléébù, kò ní dá a padà, nítorí pé ẹni tó tà á kò lè mọ̀, bí ẹni tó rà á náà kò ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ ẹyin sọ́tọ̀. Ẹyin tó bàjẹ́, a lè dá a padà.

Kí ló dé? Àwọn tó túmọ̀ ìwé náà ní ìdí rẹ̀ ni pé a lè mọ ẹyin tó bàjẹ́ kí a tó fọ́ ọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó! Nítorí pé ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n wà, àwíjàre ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Kò lè sọ pé òun kò wo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá ti gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó fọ́ ọ, ẹjọ́ ti yí padà, nítorí pé a kò mọ ọwọ́ ẹni tó ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí a máa kọ ọjọ́ tí a ṣa ẹyin sára kíréètì. Ó ń gba ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á lọ́wọ́ ìjà.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyí:

(a) Iná tọ́ọ̀ṣì. Kí a wọ ibi tó ṣókùnkùn, kí a gbé ìdí ẹyin tó fẹ̀ sẹ́nu tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó dára, iná á là á já, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì hàn níbi ìdí tó fẹ̀ náà. Èyí tó bàjẹ́ á ṣú dùdù, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

(b) Omi. Ẹyin tútù á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ omi. Èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ á nàró. Èyí tó bá léfòó, kí a sọ ọ́ nù. Omi inú ẹyin ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ gba ara èèpo jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ki gbogbo ẹyin tí a fẹ́ tà bọ omi, nítorí pé omi á ṣí ojú ihò kéékèèké tó wà lára èèpo, kòkòrò àrùn á sì ráyè wọlé. Ẹyin tó bá dọ̀tí, kí a fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Kí a máa ṣa ẹyin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí a gbé e síbi tó tutù, kí orí rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó kọjú sísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ nìkan ni a fẹ́ tà, kí a má fi àkùkọ sáàárín adìyẹ, nítorí pé nínú ooru, ẹyin tí àkùkọ ti gùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ kí ó tó dé ọjà. Àwọn ọmọ kéwú kan máa ń bèèrè bóyá ẹyin tí kò ní àkùkọ jẹ́ ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ ni. Bí Ọlọ́hun ṣe dá adìyẹ nìyẹn: ó ń yé, àkùkọ ìbáà wà, kó má wà.

Ohun kan tún wà tó burú ju ẹyin tó bàjẹ́ lọ, nítorí pé tọ́ọ̀ṣì kò lè fi í hàn. Nígbà tí adìyẹ bá ń ṣàìsàn tí a sì fi oògùn bíi Tetracycline sínú omi wọn, oògùn náà lè wọ inú ẹyin. Ìwé ara oògùn máa ń sọ iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹyin wọn. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé náà, kí ó fún ọmọ rẹ̀ kà. Ẹyin àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, kí a má tà á, kí a má sì fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Kí a ka àdánù rẹ̀ mọ́ owó oògùn nínú ìṣirò wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Mẹ̀dínà. Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì ọjà rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì fi yé wa pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Ẹ wá wo kíréètì ẹyin tó jẹ́ pé ńláńlá ló wà lókè, tí kéékèèké àti èyí tó sán sì wà nísàlẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òkìtì ọkùnrin yẹn? Kí a ya ẹyin sọ́tọ̀: ńlá, àárín, kékeré. Kí olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Èyí tó sán, kí a sọ pé ó sán, kí a tà á ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ náà fún ẹni tó máa dín in lójú ẹsẹ̀.

ÌPARÍ

Kí ẹni tó ní adìyẹ, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá péré, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí ó máa kọ ohun márùn-ún síbẹ̀ lójoojúmọ́: iye ẹyin tó ṣa, iye tó fọ́, iye tó tà àti owó rẹ̀, oúnjẹ tó lò, àti adìyẹ tó kú. Kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé lè ṣe é fún ìyá rẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ náà á sì já geere sí i. Nígbà tí oníbàárà bá wá ná ọjà, ẹni tó ní ìwé kò ní ṣe ojo, kò sì ní jágbe. Yóò mọ ibi tí òun lè dín in dé, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fi ènì ẹyin kan sí i fún oníbàárà tó dára.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó pa ohun ọ̀sìn wa mọ́, kí Ó má sì jẹ́ ká jẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ KÉWÚ

1. Adìyẹ 30 ń jẹ 120 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kílò mélòó ni wọn yóò jẹ ní ọjọ́ 30?

2. Bí 24 nínú wọn bá ń yé lójúmọ́, kíréètì mélòó ni a ó rí lóṣù?

3. Bí àpapọ̀ ìnáwó oṣù jẹ́ N115,000, tí kíréètì kan sì fọ́ nínú èyí tí a rí, iye wo ni kíréètì kọ̀ọ̀kan ná wa?

4. Kí ni Umar sọ fún Hatib lọ́jà, kí ló sì sọ fún un nígbà tó padà lọ bá a?

5. Kí ló dé tí a lè dá ẹyin tó bàjẹ́ padà, ṣùgbọ́n tí a kì í dá kùkúńbà tó korò padà?

6. Bèèrè lọ́wọ́ òbí rẹ iye tí àpò oúnjẹ adìyẹ kan jẹ́ lónìí àti iye tí wọ́n ń ta kíréètì ẹyin kan. Ṣe ìṣirò ilé yín, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.